Ta Ló Ń Wa Ọkọ̀ Oníkéèkì?

Ọwọ́ kan tí ìyẹ̀fun fọ́n sí títí dé ìgbúnwọ́ ló kọ́kọ́ yọ láti ojú fèrèsé ọkọ̀ náà, ó ń bẹ àwọn tó wà lẹ́yìn pé kí wọ́n ní sùúrù. Ọkọ̀ ń tiro bọ̀ bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀. Táyà ẹ̀yìn kan ti tẹ́ pẹrẹsẹ, síbẹ̀ obìnrin tó ń wà á kò jẹ́ kó ta gìrì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó rọra gbé e wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù alátáyà bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn sórí ibùsùn.

Alátáyà gbé jáàkì jáde. Kó tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin náà ti bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì dí i lọ́nà. Ó ní kò sí ẹni tó máa fi jáàkì gbé ọkọ̀ yìí sókè tí kéèkì òun bá ṣì wà nínú rẹ̀. Alátáyà yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Kéèkì alájà mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀ nínú páálí gíga, funfun báláú, wọ́n sì ti fi bẹ́líìtì dè é mọ́ àga bí ọmọ ọlọ́mọ.

Ni àwọn méjèèjì bá gbé e. Alátáyà ń fẹ̀yìn rìn, obìnrin náà ń tẹ̀ lé e, kéèkì wà láàárín wọn. Ilẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wò ní gbogbo ìṣísẹ̀.

"Ẹ má wo ẹsẹ̀ yín," obìnrin náà sọ fún un. "Èmi ni kí ẹ máa wò."

Ó wò ó. Láti ìgbà náà ni kò ti rí ibòmíràn wò mọ́.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí alátáyà yìí jẹ́. Aríran ni àwọn oníbàárà ń pè é. Bí ẹ bá gbé ògbólógbòó táyà fún un, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lójú, yóò sì sọ fún yín bóyá ẹ máa ń tẹ bíréèkì lójijì, bóyá ẹrù yín máa ń wúwo sápá kan, bóyá ẹ máa ń gun etí títì. Kì í ṣe oògùn, iṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, opó tó ń bá a jókòó ti ṣọ́ọ̀bù, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Aríran tí kì í rí bàtà ara rẹ̀ láàárọ̀.

Lọ́jọ́ náà, ó sọ fún Oníkéèkì pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti darúgbó. Obìnrin náà bi í pé irú wo ni kí òun rà. Aríran ní táyà dà bí àna. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀ yóò gbé ọ jẹ́jẹ́, yóò gbé gbogbo kòtò mì fún ọ, àmọ́ bí o bá sáré yí kọ́nà, yóò fì bí ọ̀mùtí. Èyí tó le yóò dúró gbọn-in tì ọ́ ní kọ́nà, àmọ́ kò ní yé ròyìn gbogbo òkúta tó wà lójú ọ̀nà fún ọ.

"Kò wá sí àna kan tó mọ ìwà méjèèjì hù?" Oníkéèkì bi í, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní ó wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé kéèkì kò nílò rẹ̀. Èyí tó rọ̀ tó fún un.

Gbọ̀ngàn ìgbéyàwó kan wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú, ọ̀nà ibẹ̀ sì ń lọ́ bí ejò. Sátidé ni Oníkéèkì máa ń gbé kéèkì lọ síbẹ̀. Láti ìgbà tí Aríran ti fi táyà tuntun sí ọkọ̀ rẹ̀, kò sí Sátidé kan tí obìnrin náà kì í yà sí ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, pé kí ó bá òun wo afẹ́fẹ́ táyà. Afẹ́fẹ́ kì í dín. Síbẹ̀ Aríran a bẹ̀rẹ̀, a wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, a tún padà sí èyí àkọ́kọ́. Oníkéèkì a sì mú etí kéèkì tó gé kúrò kí orí rẹ̀ lè tẹ́ wá fún un nínú bébà, a dúró títí yóò fi jẹ ẹ́ tán.

"Táyà wo ló ń gba afẹ́fẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

Aríran dáhùn pé oníbàárà tó mọ ìtọ́jú ọkọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n wo ojú ọ̀run.

Díẹ̀díẹ̀, "ẹ" di "o". Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí, Oníkéèkì a di "ayọ̀ mi". Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó yẹ kí Aríran sọ gan-an, ó fi pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Àwọn àgbà kò ṣèèṣì sọ pé àìsọ̀rọ̀ ní í mú ẹnu rùn.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, obìnrin náà fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n pààrọ̀ táyà iwájú sẹ́yìn. Aríran tú ti iwájú lápá òsì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójú kan. Etí rẹ̀ ti jẹ, ó ń dán bí gìgísẹ̀ bàtà ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣe ṣákaṣàka sápá kan bí ìpẹ́ ẹja. Kò sí ohun mìíràn tó ń ṣe táyà báyìí ju kí ènìyàn máa fi eré yí kọ́nà lọ.

Oníkéèkì kọ́. Oníkéèkì tí ń wa ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin? A jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń bá a wà á.

Ọkùnrin ni, ọkàn rẹ̀ sọ fún un. Ó ga. Ọwọ́ kan ló fi ń yí sítíárìn. Obìnrin náà jókòó tì í, ó sì ń rẹ́rìn-ín ní gbogbo kọ́nà. Aríran tó ń fojú inú rí gbogbo èyí kò tí ì fẹ́ obìnrin náà, kò tí ì tọrọ rẹ̀, ṣùgbọ́n owú kì í bèèrè ìwé àṣẹ kó tó wọlé.

Bí ẹni pé ayé fẹ́ fi ata sí ojú egbò, ọ̀sẹ̀ náà ni Ọ̀gá Gbọ̀ngàn, alábòójútó gbọ̀ngàn orí òkè náà, gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá. Ọkùnrin gíga ni, aṣọ rẹ̀ gún, òórùn dídùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó rí ọkọ̀ Oníkéèkì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ ọkọ̀ yẹn dáadáa. Ó ní òun ti sọ fún obìnrin náà pé kó gbé ààrò kéèkì rẹ̀ wá sórí òkè, ilé ìdáná gbọ̀ngàn ṣófo, ilé tòun náà sì ṣófo. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yí lórí ìka. Aríran fún táyà ọkùnrin náà ní afẹ́fẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, kí ọ̀nà lè na ìdí rẹ̀ délé.

Ká ní ó fi mọ síbẹ̀, à bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí iná kò bá tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Nígbà tí Oníkéèkì padà wá gbé ọkọ̀, Aríran kò wojú rẹ̀. Ó ní táyà rẹ̀ ti bàjẹ́, òun ti fi èyí tó le sí i. Ó ní ẹni tó ń fi eré yí kọ́nà kò gbọ́dọ̀ lo èyí tó rọ̀. Oníkéèkì tẹrí ba bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò, ó rẹ́rìn-ín ìtìjú, ó sì wọ ọkọ̀. Ẹ̀rín yẹn gún Aríran bí abẹ́rẹ́. Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, ẹ ò rí i, ó jẹ́wọ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, oòrùn ti fẹ́ wọ̀ tán kí ọkọ̀ náà tó dé, ó sì rọra dé. Oníkéèkì bọ́ sílẹ̀. Ṣúgà funfun gbẹ mọ́ aṣọ rẹ̀ láyà.

"Ẹ ṣeun o, ọ̀gá," ó ní. "Táyà yín ròyìn gbogbo òkúta ọ̀nà fún kéèkì mi. Àjà òkè ya, ó wó lu ti ìsàlẹ̀. Ìyàwó náà sunkún níwájú mi."

"Ẹ" yẹn dun Aríran ju ìgbájú lọ. Ṣùgbọ́n owú ló fi fèsì.

"Ẹni tó ń bá yín yí kọ́nà ni mo ra táyà fún. Ẹ lọ bi Ọ̀gá Gbọ̀ngàn bóyá ó gbádùn rẹ̀."

"Ọ̀gá Gbọ̀ngàn? Kò fọwọ́ kan sítíárìn mi rí."

"Táyà kì í purọ́."

"Táyà ò purọ́. Ẹ̀yin lẹ purọ́ mọ́ ọn." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Èmi ni mò ń sáré. Ní àlọ, mo ń rìn bí ìgbín. Tí mo bá ti gbé kéèkì kalẹ̀ tí ọkọ̀ ṣófo, mo máa ń já bọ̀ láti orí òkè yẹn bí ẹni tí wọ́n ń lé, torí ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tó máa ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí oòrùn bá wọ̀. Àbí ẹ rò pé afẹ́fẹ́ ni mò ń wá?"

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lérí.

"Aríran," ó ní, "ara rẹ lo ń jowú láti ọjọ́ yìí wá."

Oníkéèkì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Ọ̀gá Gbọ̀ngàn ló bá òun fi òdòdó bo ibi tí kéèkì ti ya, tí ìyàwó fi rí nǹkan gé. Ó ní ọkùnrin náà la ẹnu rẹ̀ gbangba pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, obìnrin náà sì ti ní kó dúró gbọ́ èsì di Sátidé tó ń bọ̀. "Ẹ̀yin, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ nìkan lẹ máa ń bá mi sọ."

Ó ti ń padà sínú ọkọ̀ nígbà tí Aríran di ilẹ̀kùn mú. Ó ní òun ti ṣebi. Ó ní owú ló ń jẹ òun, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni ni òun sì fi san án. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí òun wá àna tó mọ ìwà méjèèjì hù.

Oníkéèkì na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i. "Sátidé, ẹ̀yin lẹ máa jókòó sẹ́yìn di kéèkì mú," ó ní. "Tó bá ya, ẹ mọ èsì tí màá fún un."

Aríran wá táyà náà káàkiri ìlú kó tó rí i: ojú rẹ̀ rọ̀ fún kòtò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró fún kọ́nà. Ó wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó tún un wọ̀n. Nígbà tó di Sátidé, ó jókòó sẹ́yìn, ó gbá páálí náà mọ́ra, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni ń gbàdúrà. Kòtò ìsàlẹ̀ òkè kọjá, kéèkì kò mira. Kọ́nà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ kò fì.

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ọkùnrin gíga náà jáde wá. Aríran rí bí ọkùnrin náà àti Oníkéèkì ti dúró lábẹ́ igi, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ó rí i tí ọkùnrin náà di ọwọ́ obìnrin náà mú, owú sì tún ta nínú rẹ̀ bí ẹja inú àwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó mi orí, ó sì wọlé láìbojú wẹ̀yìn. Kọ́kọ́rọ́ kò yí lórí ìka rẹ̀ mọ́.

Ní àbọ̀, Aríran bọ́ síwájú. Ọkọ̀ ṣófo. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń retí eré. Kọ́nà àkọ́kọ́ dé, Oníkéèkì rọra yí i. Èkejì dé, bákan náà.

"Kí ló dé?" Aríran bi í. "Mo rà á kó o lè sáré."

"Ẹni tí mò ń sáré lọ bá jókòó tì mí. Kí lo tún fẹ́ kí n máa lé?"

Aríran gbọ́ "o", "ẹ" ti lọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde lábẹ́ ahọ́n nígbẹ̀yìn gbẹ́yín.

"Jẹ́ kí n máa jókòó síbí, ayọ̀ mi, títí táyà yìí yóò fi jẹ tán."

"Táyà yìí nìkan?"

"Àti èyí tí a óò jọ rà lẹ́yìn rẹ̀. Àti èyí tó tún tẹ̀ lé e."

Oníkéèkì yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó pa ọkọ̀, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ tí ìyẹ̀fun fọ́n sí sí i. Nísàlẹ̀ òkè, oòrùn wọ̀, ẹ̀gbọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tó ń kánjú nínú àwọn méjèèjì tó wà nínú ọkọ̀.