Gààrí Tí Kò Kan Fúnra Rẹ̀

"Ẹgbẹ̀rún márùndínlógún la jọ sọ, Ìyá Ọ̀rẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn lẹ gbé àpò gààrí mi lọ sí Abigi, òjò ti ń rọ̀ báyìí. Ẹ sanwó mi."

"Màá san án, Bàbá Haneefah. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ iye tó jẹ́ ti gààrí, kí ẹ wá sọ iye tó jẹ́ ti ohun tó wà nínú ẹ̀."

"Kí ló tún wà nínú gààrí ju gààrí lọ? Ẹ̀pà ni?"

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Orí àpò kan níwájú ṣọ́ọ̀bù Mùbàṣírù bàbá Haneefah, nínú ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó, ló jókòó sí, ó fi ìró bo ẹsẹ̀. Mùbàṣírù ò mọ ìgbà tó dé. Ó wá ṣílẹ̀kùn ló bá a níbẹ̀. Òjò ti sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀, kò sì sí ipa ẹsẹ̀ kankan nínú ẹrẹ̀ náà àfi ti Mùbàṣírù fúnra ẹ̀. Ó rí i, ó gbójú kúrò. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń sin gbèsè látàárọ̀ dálẹ́ kì í wo ẹsẹ̀ onígbèsè, ọwọ́ ẹ̀ ló ń wò.

Ó yíjú bu gààrí fún oníbàárà kan. Nígbà tó máa yíjú padà, kò sẹ́nì kankan lórí àpò mọ́.

"Obìnrin yẹn dà?"

"Obìnrin wo?" loníbàárà bi í. "Ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá sọ̀rọ̀ látìgbà tí mo ti dé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Dókítà Tóyọ̀sí wọlé. Àgọ́-Ìwòyè ló ti wá, ojú ẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tí kì í sùn. Ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí ohun tó ń mú kí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn etí omi dédé rọ. Ó ra gààrí díẹ̀, ó bù ú sínú ìgò kékeré, ó ta omi sí i, ó so bébà yẹ́lò kan rọ̀ sínú ẹ̀, ó sì dé e pa. Nígbà tó gbé ìgò náà padà wá lọ́jọ́ kejì, bébà yẹn ti pọ́n rúsúrúsú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ.

"Májèlé inú ẹ̀gẹ́ ni," ló rọra wí. "Ọjọ́ mélòó lẹ fi ń rẹ ẹ́ kí wọ́n tó yan án?"

"Mẹ́rin," ni Mùbàṣírù wí.

Irọ́ ni. Látìgbà tí gààrí ti wọ́n, ọjọ́ kejì tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ ló ń ní kí àwọn obìnrin tó ń bá a yan gààrí nílùú Mamu yan án. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń wọ́n sí i. Ọmọ Ìjẹ̀bú á sọ díẹ̀ sẹ́nu, tó bá ti kan, ó parí nìyẹn. Ta ló máa béèrè ohun tó mú un kan?

"Ẹni tó bá ń jẹ irú ẹ̀ lójoojúmọ́," ni Dókítà wí, "tí kò rí ẹja tàbí ẹ̀wà fi kún un, ó lè jí lọ́jọ́ kan kí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti le gbagidi. A ò tíì rí oògùn tó ń dá a padà. Ká má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ló kù. Màmá kan ní Abigi ló júwe ṣọ́ọ̀bù yín. Ìyá Ọ̀rẹ́olúwa. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mò ń lọ."

"Ẹ jẹ́ kí n bá mọ́tò yín lọ," ni Mùbàṣírù wí. "Ó jẹ mí lówó."

Ní Abigi, Nathaniel ọkọ obìnrin náà ló ṣílẹ̀kùn. Orí ẹní ni ìyàwó ẹ̀ wà, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì gbẹ, wọ́n dábùú ara wọn bí ẹnu àlùmọ́gàjí.

"Látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ti wà níbẹ̀ yẹn," ni Nathaniel wí. "Ká tiẹ̀ ní ó fẹ́ tọ̀, èmi ni mò ń gbé e."

Mùbàṣírù wo ẹsẹ̀ náà. "Ṣé kò wá s'Íjẹ̀bú-Igbó lánàá?"

"Ọ̀gá, ẹ má fi wá ṣẹ̀sín."

Ohùn kan bá jáde láti orí ẹní, ó rẹlẹ̀ bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀. "Ẹ̀pà kọ́, Bàbá Haneefah."

Mùbàṣírù sún mọ́ ẹní náà. Ó lóṣòó. "Ìyá Ọ̀rẹ́, ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wá."

"Rárá o."

"Ó yá, márùn-ún."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í já kọ́bọ̀? Márùndínlógún la sọ."

"Mo fi gbogbo ẹ̀ jì yín. Nítorí Ọlọ́run."

"Èmi kì í jẹ gbèsè. Ẹni tó bá gbowó ọjà, ó ti gbà pé òun lòun ta á. Ọjà náà, àti gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ tà fún mi, ẹ wá gbà á padà."

Dókítà dáwọ́ dúró lórí orúnkún tó ń yẹ̀ wò. Mùbàṣírù mọ̀ pé kí òun má gbà á. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Ṣùgbọ́n owó ti yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó pé, kò ya, kò dọ̀tí, ọwọ́ tó sì ti ń gbowó látọjọ́ tó ti gbọ́njú ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ ọ́. Ó ṣí fúnra ẹ̀. Owó náà bọ́ sí i, ó tutù bí omi òjò.

"Bàbá Ọ̀rẹ́," ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́, "ẹ wá wò ó."

Lórí ẹní, ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ kan mì. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Mùbàṣírù fún owó náà mọ́wọ́, ó ní kí òun dìde, àfi bí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ṣe le gbagidi.