Ọmọ Ìyá Kúbúrá

Orí tí gbogbo ọjà ń sá fún ni Sèlíátù gbé lé itan lọ́jọ́ tí Lùkúmàn kọ́kọ́ rí i ní èbúté Ẹ̀pẹ́. Ó ń fi òrí pa irun wèrè kan tó ti dì, ó sì ń fi òòyà tú u díẹ̀díẹ̀. Lùkúmàn, tó ń kó ẹní bọ̀ láti Ìkòròdú, gbàgbé láti so ọkọ̀ ẹ̀. Ọkọ̀ ń bá omi lọ lójú ẹ̀.

"Ẹ bá mi ya tèmi náà," ló wí nígbà tó rí i mú padà.

Sèlíátù wo orí ẹ̀ tó fá kodoro. "Kí ni n ó yà níbẹ̀?"

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Kúbúrá, wèrè náà, kì í ṣe ìbátan Sèlíátù rárá. Nígbà tí ogun lé àwọn èèyàn kúrò l'Ékòó wá sí Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ obìnrin yìí dojú dé lójú ọ̀sà, Kúbúrá ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo sì bómi lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń sùn sí èbúté. Àwọn èèyàn ń sọ ọ́ lókò. Kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi ọjọ́ tí Sèlíátù gbé ẹ̀kọ wá, tí obìnrin náà pè é ní Kúbúrá. Sèlíátù dáhùn, obìnrin náà sì jẹun. Ọdún kẹta rèé tó ti ń dáhùn.

Oṣù mẹ́fà ni Lùkúmàn fi ń ta ẹní tí ẹní ò tán. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ẹní ló ń bá wá. Ó bá Sèlíátù kọ́ àtíbàbà fún ìyá náà, ó tẹ́ ẹní tó dára jù sínú ẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ní kó fẹ́ òun.

"Ààyò mi, ẹni tó lè tọ́jú wèrè á lè tọ́jú mi."

Sèlíátù ní ti wèrè rọrùn jù. Ó gbà.

Ṣùgbọ́n a kì í fẹ́yàwó láìwádìí, ẹni tó ń wádìí kì í sì í kéde ara ẹ̀. Rọ̀kíbátù, ẹ̀gbọ́n bàbá Lùkúmàn, wá bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja. Ó gbọ́ tí wèrè ń pe Sèlíátù lọ́mọ.

"Ìyá ẹ nìyí?"

Sèlíátù rí i pé ìyá náà ti gbé ẹ̀kọ kalẹ̀, ó ń wo òun lẹ́nu. "Ìyá mi ni."

Rọ̀kíbátù padà sílé. Ó ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, wèrè sì wà nídìílé ọmọ yẹn. Lùkúmàn ṣàlàyé títí. Obìnrin náà ní níbi tí ọmọ náà ti jẹ́wọ́, níbẹ̀ náà ni kó ti sẹ́.

"Bí mo bá sẹ́ ẹ lójú ẹ̀, ọmọ ẹ̀ á kú lẹ́ẹ̀kejì," Sèlíátù wí fún Lùkúmàn, ó ń sunkún. "Mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́."

Lọ́jọ́ tí Rọ̀kíbátù padà wá sí èbúté láti gbọ́ bó ṣe máa sẹ́ ẹ, Lùkúmàn kọjá lára Sèlíátù, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn níwájú Ìyá Kúbúrá.

"Ìyá, ọmọ yín ni mo wá fẹ́."

Ìyá náà wò ó pẹ́. "Ṣé o mọ ọkọ̀ tù?"

"Mo mọ̀ ọ́n tù, ìyá."

"Má jẹ́ kó bọ́ sómi o."

Rọ̀kíbátù ò béèrè nǹkan kan mọ́. Ó tú ìborùn ẹ̀, ó fi bo èjìká ìyá náà, ó wá ní kí Sèlíátù mú òun lọ bá bàbá ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n so yìgì tán, èèyàn mẹ́ta ló wọ ọkọ̀ ìyàwó. Lùkúmàn rọra ń tù ú. Ìyá Kúbúrá di etí aṣọ ìyàwó mú, kò sì jọ̀wọ́ ẹ̀ títí wọ́n fi gúnlẹ̀ n'Ìkòròdú.