Agogo Kẹ̀kẹ́ Funfun

Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, mi ò sì sùn lórí ìjókòó ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí mo mọ ohun tí ẹ máa rò. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì, mi ò sì lókìkí irọ́ nídìí ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ.

Ní àdúgbò wa, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ológeere máa ń wọ́de. Wọ́n á kó ara wọn jọ bí ogún, bí ọgbọ̀n, wọ́n á gba gbogbo ojú títì, wọ́n á máa gùn ún jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ káwọn awakọ̀ mọ̀ pé ọ̀nà kì í ṣe ti bàbá ẹnì kankan. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé búrẹ́dì kì í dúró de ìwọ́de. Ìyàwó mi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìjà ni tèmi.

Wọ́n ní òfin kan. Tí ẹni tó kẹ́yìn wọn bá ti la oríta kọjá, á na ọwọ́ sókè, á sì pariwo pé, "Ó tán!" Ìgbà náà ni ọ̀nà tó di tàwa awakọ̀. Aránbàtà tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé wa ló máa ń kẹ́yìn. Ẹni tó ń dá gbé ni, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Òun ló ń tún bàtà mi ṣe. Kódà, bàtà tí mo fi tẹ tọ́rótù ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, òun ló rán àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ náà, ilé ìtajà mẹ́ta ló ń retí mi. Mo fọn fèrè. Wọn ò yà. Mo tún fọn ọ́n. Ìyàwó mi bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé èmi ni, ó wá dín eré kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kù. Inú bí mi. Nígbà tí mo rò pé gbogbo wọn ti kọjá, mi ò dúró gbọ́ "Ó tán." Mo gbéra. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi gbá aránbàtà léjìká, ó sì ṣubú. Mo gbọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá.

Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, láàárín búrẹ́dì. Kò bú mi. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, "Mo pè ọ́." Mo ní mi ò gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi ò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì gbé oúnjẹ síwájú mi. Búrẹ́dì ni mò ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ìtìjú ò jẹ́ kí n padà lọ wo aránbàtà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyàwó mi àti olórí wọn lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Tíṣà ni olórí wọn, kì í bọ́ àṣíborí rẹ̀ kúrò lórí, ì báà jẹ́ nínú yàrá. Wọ́n bá bẹ́ẹ̀dì lófìfo. Ẹnì kan ti ká fóòmù rẹ̀, ó fi ti ògiri. Sálúbàtà aránbàtà nìkan ló wà nílẹ̀. Wọn ò bi nọ́ọ̀sì léèrè ohunkóhun. Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n sì padà sílé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti kun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dà funfun, wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́ òpó iná ní oríta, wọ́n sì gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ọ. Bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ọkọ̀ bá pa nìyẹn.

Mo sunkún. Mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Mo jókòó sínú ọkọ̀ tí mi ò tan iná rẹ̀, mo ń wo ọwọ́ mi. Mo ti pa èèyàn nítorí búrẹ́dì. Gbogbo òru ni mo fi ń retí ọlọ́pàá. Kò sẹ́ni tó wá.

Lọ́jọ́ kejì, mo dé oríta náà bí ilẹ̀ ṣe fẹ́ máa ṣú. Ọ̀nà dá. Kò sí atẹ́gùn. Mo gbé ojú sókè kí n má baà rí kẹ̀kẹ́ náà.

Kírín.

Mo tẹ bíréèkì. Kò sí ẹnikẹ́ni. Kẹ̀kẹ́ funfun nìkan ló wà nídìí òpó, táyà iwájú rẹ̀ kọjú sí mi. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ iyanrìn lẹ́yìn mi náà dúró, ó yọrí síta.

"Ta ló lu agogo?"

"Mi ò mọ̀."

A jọ wo kẹ̀kẹ́ náà. Ó rọra bọ́ fìlà rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí gbogbo awakọ̀ fi ń dúró níbẹ̀. Takisí tí kì í dúró fún èrò tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ pàápàá ń dúró. Kò sẹ́ni tó ń sọ ohun tó gbọ́. Wọ́n á kàn ní àwọn ń wo táyà. Oríta tí èèyàn máa ń fara pa níbẹ̀ lóṣooṣù wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹnì kan kanlẹ̀kùn wa. Mo ṣí i. Aránbàtà ni, ó fi ọ̀pá méjì ti ara rẹ̀ lábẹ́ apá.

"Ta ló kun kẹ̀kẹ́ mi?" ló ní.

Ìyàwó mi di férémù ilẹ̀kùn mú. Ṣé ẹ rí i, òjò ló ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé ìwòsàn, ni wọ́n bá gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn. Ibẹ̀ ló wà tó ń retí wa, tó ń rò pé a ti gbàgbé òun. Bó ṣe ń bọ̀ wálé ló rí àwòrán ara rẹ̀ lára òpó, pẹ̀lú òdòdó nídìí rẹ̀. Ó kí aládùúgbò kan, onítọ̀hún ká aṣọ sókè, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Mo na ọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó gbóná. Ó gbá tèmi dànù.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Bí òkú bá ti wálé, ta ló ń lu agogo?

Mo bi í pé agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ńkọ́.

"Agogo wo? Kẹ̀kẹ́ mi ò lágogo rí. Ẹnu ni mo fi pè ọ́."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí oríta. Mo fọwọ́ ra gbogbo irin ìdarí kẹ̀kẹ́ náà. Kò sí agogo. Kò sí ibi tí wọ́n ti de agogo mọ́ ọn rí. Ìyàwó mi ṣí àgádágodo ṣéènì náà. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, lójú títì, mo bẹ aránbàtà.

"Ẹsẹ̀ á jiná," ló ní. "Ọjọ́ tí o bá dúró níbí yìí títí mo fi sọ pé ó tán, mo ti dárí jì ọ́."

"Èmi náà," ni ìyàwó mi wí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn.

Oṣù méjì kọjá kó tó lè gun kẹ̀kẹ́. Ó kọ̀ láti kun ún padà, ó ní àwọn awakọ̀ ń yà fún òun báyìí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọ́kọ́ bá wọn wọ́de padà, èmi ni mo wà níwájú pátápátá ní oríta. Tíṣà kọjá pẹ̀lú àṣíborí rẹ̀. Ìyàwó mi kọjá, kò wò mí. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ọ̀nà ṣófo fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aránbàtà yọ, ẹsẹ̀ kan le gbagidi, ó ń wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń ka òkúta ilẹ̀. Wọ́n ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì lé itan.

Ó la oríta kọjá. Ó na ọwọ́ sókè. Ó la ẹnu.

Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó rọra wọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bí ẹni tó ń yà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sọ pé ó tán.

Mo dúró. Ọlọ́kọ̀ iyanrìn sọ̀ kalẹ̀, ó wá síbi fèrèsé mi.

"Kí là ń dúró dè?"

"Kò tíì sọ pé ó tán."

"Ọ̀nà ṣófo."

"Mo rí i."

Kírín.

Nídìí òpó ló ti dún, níbi tí kò sí kẹ̀kẹ́ kankan mọ́. Ọlọ́kọ̀ iyanrìn padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó rọra pa ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó fọn fèrè mọ́. A wà níbẹ̀ títí iná òpó fi tàn. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbéra, àmọ́ kì í ṣe èmi.

Gbogbo ilé ìtajà ti tì, ni mo bá kó búrẹ́dì mi wálé. Oúnjẹ wà lórí tábìlì, ó ń yọ èéfín. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣomi. Ìyàwó mi jókòó síwájú mi.

"Aránbàtà sọ fún mi pé ẹ dúró lóòótọ́," ló wí.

"Mo dúró. Kò kàn sọ pé ó tán ni."

"Mo bi í. Ó ní kò tíì tán, ó ku ẹnì kan lẹ́yìn."

Mo bu síbí kan sẹ́nu. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ò fẹ̀. Ẹsẹ̀ mi máa ń yọ sínú rẹ̀ tí mo bá jókòó sídìí tábìlì. Láti ibi ilẹ̀kùn, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, mo gbọ́ ọ.

Kírín.

Ìyàwó mi ò wo ẹ̀yìn. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ká ẹsẹ̀ mi kúrò lójú ọ̀nà, mo gbé síbí sílẹ̀. A jókòó bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ń tutù.