Aṣọ Dúdú Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Òwú funfun ni mo fi sójú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, òwú dúdú ni mo bá níbẹ̀. Kò sí ohun tó sọnù. Àpá ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún mi ló kún ìka mi, ó sì rẹ̀ mí bí ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń rí bẹ́ẹ̀. Mo pààrọ̀ àgádágodo, kò yí nǹkan kan padà. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Màdáàmù, bó bá jẹ́ iwin ló ń bá yín ránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó yà lọ́dọ̀ mi. Bàtà pọ̀ nílẹ̀."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ aṣọ tí wọ́n ń fi òwú dúdú yẹn rán lóru. Aṣọ dúdú kan ni, ó ti wà lórí hángà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọdún mẹ́fà. Àbúrò mi obìnrin ni mo gé e fún, kó lè wọ̀ ọ́ síbi ìsìnkú ìyá wa. Ọjọ́ tí mo gé e tán ni mo gbọ́ pé odidi ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá wa fi pe orúkọ mi kó tó dákẹ́, tí àbúrò mi jókòó tì í, tí kò ránṣẹ́ sí mi. Mo gbé aṣọ náà kọ́ láìrán, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Láti ìgbà náà, bí a bá ń gba Àdúrà Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n dé ibi tí a ti ń sọ pé àwa náà ń dárí ji àwọn tó ṣẹ̀ wá, màá panu mọ́ títí wọ́n á fi kọjá ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àbúrò mi ti wá bẹ̀ mí. Mo ní kó máa lọ.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n ti rán aṣọ náà parí. Mo yẹ ojú ìrán rẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń rán ìbẹ̀rẹ̀ ojú ìrán tèmi kó má baà tú. Kò sí aránṣọ mìíràn tó ń ṣe é, torí ó ń jẹ òwú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n rán ti aṣọ yìí. Ọwọ́ ara mi ni.

Mo fa téèpù yọ, mo wọn àyà, mo wọn ìbàdí, mo ṣí ìwé ìwọ̀n. Kì í ṣe ìwọ̀n àbúrò mi mọ́. Tèmi ni.

Mo wọ̀ ọ́ kí n lè rí i dájú. Ó bá mi mu gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ bọ́ ọ, ọrùn rẹ̀ ti fún, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti di rírán pa. Mo fi abẹ́ gé òwú, abẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń mí ló ń fún sí i. Ẹ̀rù bà mí.

Ibẹ̀ ni àbúrò mi wọlé bá mi. Ìgbà kẹta tó wá nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ta ló rán yín mọ́nú aṣọ?"

"Èmi ni."

Ó fà á títí èékánná rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀.

"Màmá ní kí n pè yín. Ẹ̀rù ló bà mí pé tí wọ́n bá ti rí yín, wọ́n á kàn gba ọ̀run lọ. Mi ò ní àwíjàre."

Kí n sòótọ́, kì í ṣe ìfẹ́ ló kọ́kọ́ ṣí mi lẹ́nu, àárẹ̀ ni. "Ó dùn mí wọra," mo ní. "Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ní orúkọ Jésù, mo dárí jì ọ́. Mi ò lè gbé e mọ́."

Òwú èjìká já. Ti ìhà tẹ̀ lé e. Aṣọ náà bọ́ sílẹ̀ ní ègé-ègé, bí mo ṣe gé e lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Àwa méjèèjì jókòó sáàárín rẹ̀, a sunkún ìyá wa.

Lọ́jọ́ Sunday, mo dé ibi yẹn nínú àdúrà náà, mo sì la ẹnu. Mo sọ ọ́ jáde. Mo fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọrùn mi. Ojú ìrán dúdú kan ṣì wà níbẹ̀, nínú awọ ara mi.

Àràárọ̀ ni mo máa ń dárúkọ àbúrò mi fún Ọlọ́run, màá sì tú ojú ìrán náà díẹ̀. Láwọn àárọ̀ mìíràn, mo máa ń bá a pé wọ́n ti tún un rán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń rán ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.