Ẹ̀yìn Eyín Gbẹ́nàgbẹ́nà

Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Májèlé eku ni àyẹ̀wò bá nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé tó ń gbé dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, ló se oúnjẹ tó jẹ kẹ́yìn. Kíá, àwọn ọlọ́pàá ti ọmọ náà mọ́lé.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bi ìyàwó òkú léèrè.

"Ṣé ara rẹ̀ ò le tẹ́lẹ̀?"

"Rárá o, ọ̀gá. Kò bì rí. Ọwọ́ mi nìkan ló ti ń jẹ, ló ti ń mu, àfi ìgbà tí ọmọ ìyáálé mi yẹn dé."

Àbúrò òkú ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Èmi àti bọ̀dá mi ń jà, ta ni ò mọ̀? Ṣùgbọ́n ariwo lásán ni tèmi. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti mu omi nílé wọn."

Dókítà eyín ká ètè òkú sókè.

"Ẹ wo iwájú yìí. Ìṣó tó ń fẹnu dì mú ló jẹ ẹ́. Àwọn ńlá inú lọ́hùn-ún tẹ́ pẹrẹsẹ: ó máa ń payínkeke lójú oorun."

"Ẹ̀yìn eyín òkè wá ńkọ́? Ó ń dán bíi dígí."

"Ká ní ọsàn kíkan ló ń mu ni, iwájú ni ìbá jẹ. Omi kíkan inú ikùn ló ń jẹ ẹ̀yìn. Èébì ni, ọ̀gá. Èébì ọ̀pọ̀ oṣù."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ padà sílé òkú. Ó tú ilé ìdáná. Májèlé wà nínú agolo tíì.

"Ẹ ní kò bì rí. Eyín rẹ̀ ní irọ́ ni. Iléèwé lọmọ yẹn wà nígbà tó ń bì. Ta ló ń fún un lóúnjẹ?"

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀.

"Èmi ni. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń bù ú sínú tíì rẹ̀. Ó ní òun á mú ìyáálé mi padà wálé, kí n máa wábi gbà. Nígbà tọ́mọ yẹn dé, mo bù ú púpọ̀, kí wọ́n lè mú un."

"Kò sọ fẹ́nì kankan pé òun ń ṣàìsàn?"

"Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fọ́mọ òun. Ó ní ìdánwò ló ń ṣe, kí ọkàn rẹ̀ má pínyà."

Wọ́n ṣílẹ̀kùn àtìmọ́lé. Ọmọ náà gbọ́ ohun tó pa bàbá rẹ̀ láìsunkún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," ó ní, "kí ló dé tí dádì mi ò pè mí?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ mọ ìdáhùn. Ó gbé ẹrù ọmọ náà, ó ṣáájú rẹ̀ jáde.