Ààyè Jamilah

"Bọ̀dá mi, ṣé ó dá yín lójú pé Jamilah ò fẹ́ iṣẹ́ náà mọ́?"

Ṣìmí tẹjú mọ́ Láníyì, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn Zuba, nítòsí Àbújá. Láníyì ò jẹ́ kí ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin.

"Mo ní kò fẹ́ mọ́! Ó ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lugbe. Ẹni tó ní kó o wá jẹun lò ń da ìbéèrè bò yìí?"

Ilé-iṣẹ́ náà ti bá àwọn Gbagyi, tí wọ́n ni ilẹ̀, ṣàdéhùn: àwọn obìnrin wọn ni yóò máa gbọ́únjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́, abúlé kọ̀ọ̀kan yóò sì fa ọmọ kan kalẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ní wíwa katakata. Jamilah, ọ̀rẹ́ Ṣìmí láti ilé-ìwé, ọmọ Gbagyi ni, òun ló yẹ kí abúlé rẹ̀ fà kalẹ̀. Òun gan-an ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà fún un. Ọmọ Kàbbà ni Ṣìmí ní tirẹ̀, Dei-Dei ni wọ́n bí i sí, ìjókòó ilé lẹ́yìn ìdánwò àṣejáde sì ti sú u. Láníyì wá ní kó ṣe bí ọmọ Gbagyi, kó gba ààyè Jamilah.

Ara fu ú. Jamilah tó máa ń sáré tẹ̀lé katakata, òun ni kò fẹ́? Irọ́ ni! Síbẹ̀, ó gbé ìfura náà mì. "Ó dáa, Bọ̀dá mi."

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa gba àwọn ọmọ náà pé, àwọn àgbààgbà Gbagyi àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ jókòó sábẹ́ máńgòrò. Láníyì ní ọmọ Gbagyi láti abúlé kan lẹ́yìn òkè ni Ṣìmí. Ìyá arúgbó kan ń wò ó tìfura-tìfura.

"Yauwa, ó dáa," ìyá náà sọ lédè Hausa. "Bá wa gbé omi wá fún àlejò."

Inú Ṣìmí dùn pé wọn ò bi í ní nǹkan mìíràn. Ó ká òṣùká, ó gbé garawa karí, ó ń bọ̀ tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ.

"Kai! Obìnrin Gbagyi kì í fi orí ru ẹrù," ìyá náà pariwo. "Èjìká la fi ń rù ú. Orí ni ọba ara."

Àìmọye ìgbà ni Ṣìmí ti bá ìyá Jamilah rìn, tí ìyẹn fi èjìká ru igi ìdáná! Omi inú garawa ń dà sí i lójú, Láníyì sì ń ṣẹ́jú sí i pé kó purọ́ mìíràn.

"Jamilah ló ni ààyè yìí," ó sọ, ó bú sẹ́kún.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Jamilah. Lugbe wo? Ilé ló wà! Láníyì ló sọ fún un pé ààyè ti kún. Ọjọ́ náà ni wọ́n lé Láníyì lẹ́nu iṣẹ́, Jamilah sì bọ́ sí ààyè katakata tó jẹ́ tirẹ̀.

Tí òun àti Ṣìmí bá pàdé báyìí, "Sànnu" nìkan ni Jamilah ń kí i, bí ẹni kí àlejò. Ó ń dun Ṣìmí wọra.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ọ̀nà ẹ̀bùrú gba ohun olóhun. Òótọ́ ni pé ìfura loògùn àgbà, àmọ́ Ṣìmí fura, ó sì tún gbà.