Wọ́n Ń Pe Orúkọ Ògúnjọbí Lọ́sàn-án

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, bí o bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pe orúkọ rẹ lẹ́yìn ògiri, níbi tí wọn kò ti rí ọ, kí ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn? Ṣé ire ni, àbí ibi? Má tíì dáhùn. Jẹ́ kí n sọ ti Ògúnjọbí fún ọ ná.

Ògúnjọbí ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò tòkunbọ̀. Ládípọ̀ ní Èkó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìlú Sharjah, lẹ́bàá Dubai, ló ti ń ra ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, tí yóò kó wọn sínú kọntéénà, tí ọkọ̀ òkun yóò sì gbé wọn wálé. Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un láti kékeré. Bí o bá bi í léèrè, yóò ní onígbàgbọ́ ni òun, yóò tilẹ̀ bínú pé o bi òun. Ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́kàn lé kì í ṣe Kristi. Àgádágodo kékeré kan ni, tí wọ́n fi òwú dúdú wé, tí bàbá oníṣègùn kan nílé fún un.

Iṣẹ́ àgádágodo náà kò le. Bí ẹnìkan bá ń bá Ògúnjọbí figa gbága lọ́jà, yóò ṣí i, yóò pe orúkọ ẹni náà sí i, yóò sì tì í pa. Ó gbà pé ọ̀nà onítọ̀hún ti dí nìyẹn. Orúkọ tó sì ti pè sí i jù lọ ni ti Sàká.

Kí ni Sàká ṣe fún un? Kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ òwò ni, kọntéénà kan náà ni wọ́n sì jọ ń kẹ́rù sí nígbà kan. Ṣùgbọ́n ọjà Sàká ń yá ju tirẹ̀ lọ, àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn Sàká nítorí ọ̀yàyà rẹ̀. Ìlara wọ inú Ògúnjọbí, ó sì gba ìjókòó níbẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1996, Ògúnjọbí tún dé sí Dubai láti ra ọjà. Ó gba ibùsùn nínú fúláàtì kan ní Al Muteena, níbi tí wọ́n ti fi pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la yàrá ńlá kan sí méjì. Tọkọtaya kan ló wà ní apá kejì, Dúpẹ́olúwa àti Wùmí ìyàwó rẹ̀. Dúpẹ́olúwa ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan ní Al Qusais, níbi tí àwọn oníṣòwò wa ti ń di ẹrù sínú kọntéénà. Wùmí ń ránṣọ. Ògúnjọbí ń kí wọn, wọ́n ń kí i, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nílùú yẹn, bí oòrùn bá ti kàn wọ́n lórí tán, àwọn oníṣọ́ọ̀bù á ti ilẹ̀kùn, oníkálukú á lọ sinmi di ìrọ̀lẹ́. Ìgboro á pa rọ́rọ́. Ojú títì á gbóná débi pé ajá kò ní gbà á kọjá. Ní irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni Ògúnjọbí dùbúlẹ̀, tí ó ń wá oorun, tí ó gbọ́ ohùn lẹ́yìn pátákó.

Ohùn obìnrin ni. Ariwo ẹ̀rọ amúlétutù bo ọ̀rọ̀ yòókù mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan dá yàtọ̀: “Ògúnjọbí.” Ó tún wí pé, “Ògúnjọbí.” Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ ohùn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Kí ni ènìyàn ń pe orúkọ ẹlòmíràn fún ní kọ̀rọ̀? Ògúnjọbí mọ ohun tí òun fi ń ṣe. Ìwà ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi wọn tiwọn. Ó dìde, ó fi ìkúùkù lu pátákó náà gbàgà! Ohùn náà dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, lásìkò kan náà, wọ́n tún pè é. Ó tún lu pátákó. Bẹ́ẹ̀ ni ó di ìṣe wọn: wọn á pè, á lù. Láti ìgbà náà ni nǹkan kò ti rọgbọ fún un mọ́. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀. Etí rẹ̀ ń hó. Bí ẹsẹ̀ bá dùn ún, àwọn ni. Bí ẹ́ńjìnnì tó rà bá kọ̀ láti jí, àwọn náà ni. Ó ti ka gbogbo wàhálà ayé rẹ̀ sí àwọn aláìmọwọ́mẹsẹ̀ yẹn lọ́rùn. Ó mú àgádágodo rẹ̀, ó pe Dúpẹ́olúwa sí i, ó pe Wùmí sí i, ó tì í pa. Síbẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n tún pe orúkọ rẹ̀.

Ó dá Dúpẹ́olúwa dúró lórí àtẹ̀gùn.

“Dúpẹ́, kí ni mo ṣe fún yín?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán sà. Kí ló dé?”

“You dey ask me? Ẹ̀ ń pe orúkọ mi lójoojúmọ́! Àbí ẹ rò pé mi ò gbọ́?”

Dúpẹ́olúwa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tún bí Ògúnjọbí nínú sí i. “Ẹ̀gbọ́n, àdúrà ni o. Àwa ará ìjọ la jọ ń ṣe é ní yàrá wa. Nínú ìpàdé ọ̀sán yẹn, a kì í tọrọ nǹkan kan fún ara wa. Ẹlòmíì lẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń mú. Wùmí ló mú yín. Ó ní ojú yín dà bí ojú ẹni tẹ́rù ń bà.”

“Ta ló bẹ̀ yín? Mi ò kì í gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni, kẹ́nikẹ́ni má gbàdúrà fún mi. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀. Khalas, ó parí!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìjọ tó bá jẹ́ pé ara ẹ̀ nìkan ló ń gbàdúrà fún, àìsàn ló ń ṣe é. Jésù gan-an ń bẹ̀bẹ̀ fún wa lọ́dọ̀ Baba. A lè rẹ ohùn wa sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè sùn. Àmọ́ ká yọ yín? A ò lè yọ yín sà.”

“Ẹ máa rí i,” ni Ògúnjọbí wí, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ó lọ sídìí tẹlifóònù, ó pe bàbá tó fún un ní àgádágodo. Bàbá ní kò sí ìṣòro. Kí ó fi àgádágodo náà pamọ́ sáàárín ẹrù tí yóò la òkun kọjá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí i bí ó ti ń ṣe é. Bí omi bá ti wà láàárín, kò sẹ́ni tí yóò lè ṣí i mọ́. Inú Ògúnjọbí dùn. Kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni òun fẹ́ fi rin wọ inú ohun tí òun ti ń dẹ fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ tí wọ́n ń di ẹrù rẹ̀ ní Al Qusais, ó dúró ti àwọn lébìrà láti òwúrọ̀. Nígbà tí oòrùn mú, tí wọ́n ń nu òógùn, ó yọ́ wọ inú kọntéénà. Ó gun orí táyà, ó rá pálá kọjá ẹ̀yìn àwọn ẹ́ńjìnnì dé ìdí pátápátá, ó lóṣòó, ó sì ń fi wáyà so àgádágodo náà mọ́ irin.

“Yalla, yalla! Khalas!” Fọ́mánù ló ń ké sí àwọn lébìrà pé kí wọ́n lọ sinmi. Ó yọjú sínú kọntéénà. “Anybody inside?”

Ògúnjọbí gbọ́ ọ. Bí ó bá dáhùn, wọ́n á rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ẹnu, ó sì dákẹ́.

Ilẹ̀kùn irin pa dé, gbàgà! Òkùnkùn bo gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n fi ọ̀pá irin dábùú ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìró kékeré kan tó mọ̀ dunjú, tí òun fúnra rẹ̀ ti mú kí ó dún láìmọye ìgbà: ìró àgádágodo tó ń pa dé.

Ó kígbe. Àwọn lébìrà ti wọ bọ́ọ̀sì padà sí ibùdó wọn. Ó rá pálá dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń fi àgádágodo ọwọ́ rẹ̀ lu irin títí apá fi ro ó. Oòrùn oṣù kẹjọ ń sun irin náà láti òkè, irin sì ń sun òun nínú. Òógùn bò ó, kò sì pẹ́ tí òógùn fi dáwọ́ dúró, èyí tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa tó padà. Ó mọ̀ pé òun kò ní í rí ìrọ̀lẹ́.

Nínú òkùnkùn yẹn ni orúkọ Sàká ti bọ́ sí i lọ́kàn, àti ti Dúpẹ́olúwa, àti ti Wùmí. Gbogbo wọn ló ti fẹ́ tì mọ́ ibi báyìí. Ẹ̀rù bà á, kì í ṣe ẹ̀rù ikú nìkan, bí kò ṣe ẹ̀rù Ẹni tí yóò bá pàdé bí ó bá kú.

Ó wá rántí pé ọ̀sán ni. Àsìkò tí wọ́n máa ń pè é nìyí. Ṣé wọ́n ti yọ orúkọ òun bí òun ṣe wí? Ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ ló wá ń gbọ̀n báyìí, kí wọ́n má lọ ti gbọ́ràn sí òun lẹ́nu.

“Olúwa,” ni ó wí, ahọ́n rẹ̀ ti gbẹ, “má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé mi. Ọkùnrin burúkú ni mí. Jésù, ṣàánú mi.” Ó ṣubú lulẹ̀, kò sì mọ nǹkan kan mọ́.

Ní Al Muteena, lẹ́yìn pátákó, Wùmí ti pe orúkọ Ògúnjọbí ní ohùn jẹ́jẹ́, ó sì dúró. Gbogbo wọn ń retí ìkúùkù, nítorí ó ti mọ́ wọn lára. Ìkúùkù kò dún. Wùmí tún un pè, ó pariwo rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Pátákó kò mì.

“Dúpẹ́, Ẹ̀gbọ́n ò lu ògiri o.”

“Bóyá wọn ò tíì dé ni.”

“Ìgbà wo ni wọn ò dé lọ́sàn-án rí? Ilé ìkẹ́rùsí yín ni wọ́n wà láàárọ̀, àbí? Dìde jọ̀ọ́. Ọkàn mi ò balẹ̀.”

Dúpẹ́olúwa kò jiyàn. Ó wọ takisí, ó padà sí Al Qusais, ó sì bi oníṣọ́ tó ń sinmi nínú yàrá rẹ̀ lẹ́nu géètì pé ṣé ó rí i tí ọ̀gá náà jáde. Oníṣọ́ ní òun kò rí i. Ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn, wọ́n wo kọntéénà náà, oníṣọ́ sì sáré mú kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni wọ́n ti bá a, ó nà gbalaja, àgádágodo olówùú dúdú wà nínú ìkúùkù rẹ̀.

Nígbà tí ojú rẹ̀ là ní ọsibítù, Dúpẹ́olúwa ló kọ́kọ́ rí.

“Dúpẹ́. Ṣé ẹ pe orúkọ mi lónìí?”

“A pè é, Ẹ̀gbọ́n. A tún un pè.”

Ògúnjọbí sunkún bí ọmọdé. Kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó jẹ́wọ́ orúkọ gbogbo tó ti tì, àti tiwọn náà. Dúpẹ́olúwa fi ọ̀nà Olùgbàlà hàn án ní kedere, pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ń wẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ nù. Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ó ti fi ayé rẹ̀ fún Kristi. Wọ́n sì sọ àgádágodo náà nù sínú ààtàn.

Ì bá dùn mọ́ mi bí mo bá lè parí ìtàn náà síbí. Ṣùgbọ́n Ògúnjọbí lọ bá Sàká, tí òun náà wá ra ọjà, ní ilé tó wọ̀ sí ní Al Nahda, ní Sharjah, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ ohun tó ti ń ṣe. Sàká gbọ́ ọ tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

“Ọdún tí a sin ọmọ wa, ṣé orúkọ mi wà nínú ẹ̀?”

Ògúnjọbí kò lè parọ́ mọ́. “Ó wà nínú ẹ̀.”

Sàká dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún un pé kí ó máa lọ. Èmi kò sọ pé irin kékeré ló pa ọmọ ènìyàn. Ọwọ́ Ọlọ́run ni ẹ̀mí wà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run rí ohun tí Ògúnjọbí ń fẹ́, Ògúnjọbí náà sì mọ̀ ọ́n. A ti dárí jì í, síbẹ̀ ó ń dùn ún. Bí oòrùn bá ti kàntàrí lọ́sàn-án, yálà ní Dubai tàbí ní Ládípọ̀, á kúnlẹ̀, á pe orúkọ Sàká níwájú Olúwa. Títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí, Sàká kò tíì bá a sọ̀rọ̀.

Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ ìjọ, ta ni ìwọ ń pe orúkọ rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé tìrẹ àti ti ilé rẹ nìkan ni o ń gbé lọ síwájú Ọlọ́run, ẹnìkan lè wà nínú irin gbígbóná lónìí tí ìwọ kò ní í mọ̀ pé kò dáhùn.

Ìwọ tí o kò sì tíì gba Jésù, o rò pé o dá wà ni? Ìyá rẹ lè wà lórí eékún nísinsìnyí. Ìyàwó tí o ń fi ṣẹ̀sín lè wà níbẹ̀. O ti lu ògiri fún wọn títí, wọn kò yọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò lè ronú pìwà dà fún ọ. Ilẹ̀kùn kan ń bọ̀ tí Olúwa fúnra rẹ̀ yóò tì. Bí ó bá ti tì í, kò sí oníṣọ́ tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ wá, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ bí o ti ń lu irin. Kò tíì tì í. Ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, kí o ké pe Jésù níbi tí o wà yìí.

Wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ tipẹ́. Dáhùn lónìí.